Gbọ́mọgbọ́mọ, Iwin àti Àwọn Olùgbàlà: Láti Òde Ifẹ̀ dé Dùgbẹ̀ àti Sọ́kà

Nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá fi ń pe ọ̀daràn, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó ń kó jìnnìjìnnì bá ìyá ọlọ́mọ bí gbọ́mọgbọ́mọ. Olè a máa kó ẹrù, apànìyàn a máa gba ẹ̀mí, ṣùgbọ́n gbọ́mọgbọ́mọ a máa mú ọmọ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Òbí kò rí òkú sin, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ààyè ọmọ gbé mọ́ra. Àìmọ̀ yìí ni ó ń jẹ́ kí ìtàn fi ìwo sí i lórí. Nínú àlọ́ àti ìtàn àròsọ, iwin tàbí ẹbọra ni ajọ́mọgbé, ẹni tí yóò sì ṣẹ́gun rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára tí ó ju ti ẹ̀dá lásán lọ. Ohun tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò ni bí àwòrán náà ti bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an mu sí, àti ìpalára tí ó ń ṣe nígbà tí àwọn ènìyàn bá gbà á gbọ́ tán. Ìbàdàn ni àpẹẹrẹ tí ó ṣe pàtàkì jù ti wá, èyíinì ni ọ̀ràn igbó Sọ́kà ti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2014; ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ gba Ifẹ̀, Òṣogùn àti Dùgbẹ̀ kọjá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú olùgbàlà tí Yorùbá ń fi ojú inú rí, kí ó kọ́kọ́ wo Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Àkàrà-ògùn nìkan ni ó kọ́kọ́ wọ igbó, ojú rẹ̀ sì rí màbo lọ́wọ́ Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ mọ́. Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn bá a lọ, àti Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n, àti Olóhùn-iyọ̀ akọrin, àti Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko, àti Ẹ̀fọ́ìyẹ́ tafàtafà, àti Arámàǹdà-òkùnrin. Àwọn méje ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó ní kùmọ̀ kò ní ohùn, ẹni tí ó ní ohùn kò ní ọfà. Kì í ṣe ọmọ tí a jí gbé ni wọ́n lọ gbà, ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú ni wọ́n lọ wá. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ akọni ni wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ó yẹ kí a rántí pé ní ọdún 1938 yìí kan náà ni Superman kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, òun nìkan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ akọni tí wọ́n kọ́kọ́ kó jọ níbẹ̀, Justice Society of America, kò sì jáde títí di 1940. Àwọn tí ó ń sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni irú ìtàn báyìí ti wọlé tọ̀ wá kò tíì ka ọdún dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún FESTAC ní Èkó ní 1977, Láńgbòdó, eré tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìwé Fágúnwà, ni Nàìjíríà fi ṣojú ara rẹ̀.

Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu, ti Mọrèmi ni ó sún mọ́ ọ̀ràn ìjínigbé jù. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ní 1921. Àwọn kan tí à ń pè ní Ìgbò ń ya wọ Ifẹ̀, wọ́n ń kó dúkìá, wọ́n sì ń kó ènìyàn lọ. Ìrísí wọn kò jọ ti ènìyàn, nítorí náà àwọn ará ìlú kò lè bá wọn jà; wọ́n gbà pé ẹ̀mí àìrí ni. Mọrèmi jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n mú òun. Ọba wọn fi í ṣe aya, ní inú ilé ọba yìí ni ó sì ti mọ àṣírí: ìko àti koríko ni wọ́n ń wọ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó wà nínú rẹ̀. Ó sá padà wá sọ fún Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún dé, ògùṣọ̀ ni wọ́n fi pàdé wọn. Ẹ̀jẹ́ tí Mọrèmi jẹ́ ni ó wá gba Olúorógbó, ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní.

Ó yẹ kí òpìtàn dúró díẹ̀ lórí èyí. Kò sí oògùn nínú ìṣẹ́gun náà. Ìmọ̀ ni, àti iná tí ó wà nínú gbogbo ilé ìdáná Ifẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò súnmọ́ iwin débi tí yóò fi rí okùn tí wọ́n fi so ìko mọ́ ọn lára. Ìhà kejì sì wà. Àwọn ará Ugbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ka ara wọn sí ìran àwọn tí Ifẹ̀ ń pè ní Ìgbò, wọn kò sì gbà pé iwin tàbí ajínigbé ni àwọn baba ńlá wọn. Nínú ìtàn tiwọn, onílẹ̀ ni wọ́n ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, ilẹ̀ wọn ni wọ́n sì ń jà sí. Iwin ìlú kan, baba ìlú mìíràn ni.

Bí a bá bọ́ sí àkọsílẹ̀, ìwo náà tètè jábọ́ lórí ajínigbé. Ọmọdé ni Àjàyí nígbà tí wọ́n kó Òṣogùn ní 1821. Ní 1837, nígbà tí ó ti di Samuel Crowther, ó kọ lẹ́tà sí àwọn C.M.S. nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ó sọ àwọn tí ó wá: àwọn mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ó sọ okùn tí wọ́n fi so àwọn ènìyàn lọ́rùn papọ̀, ó sì sọ bí wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Kò sí ẹbọra nínú lẹ́tà náà. Ọmọ tí wọ́n jí gbé fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ pé ènìyàn ni ó jí òun. Ní oṣù Igbe 1822, ọkọ̀ ogun òyìnbó gba òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n!

Ìbàdàn kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ ogun tí ó tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí 1829 di àkókò ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kó ẹrú lọ́pọ̀lọpọ̀ láti Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Fún ìyá kan ní Èkìtì ní àsìkò náà, kò sí iwin tí ó ju ọmọ ogun Ìbàdàn lọ. Ìlú tí ó wá ń bẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ti fìgbà kan jẹ́ gbọ́mọgbọ́mọ fún ẹlòmíràn, èyí kì í sì í sábà hàn nínú ìtàn tí àwọn ará Ìbàdàn ń sọ fún ọmọ wọn.

Dùgbẹ̀ ni ìbẹ̀rù náà ti pa àwọ̀ dà. Ní agboolé Ìbàdàn àtijọ́, ọmọ tí ó ṣìnà kò lè rìn jìnnà kí àgbà kan tó bi í pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ sí Dùgbẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ọmọ ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀. Ọjà ńlá tẹ̀lé e, àwọn ilé ìtajà òyìnbó àti báńkì tẹ̀lé e, títí Ilé Kòkó alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fi dìde ní 1965. Àlejò, alábàárù, oníṣòwò àti awakọ̀ ń fi èjìká gba ara wọn ní ojú kan náà. Di ọmọ rẹ mú ṣinṣin: ìkìlọ̀ Dùgbẹ̀ nìyí, kì í ṣe ti agboolé. Ní Dùgbẹ̀ yìí kan náà sì ni ilé-iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà wà. Ìkéde ọmọ tí ó sọnù lórí afẹ́fẹ́, irú aṣọ tí ó wọ̀, ilà ojú rẹ̀, èdè tí ó gbọ́, ni ó rọ́pò ìbéèrè àgbà inú agboolé.

Láàárín èrò tí kò mọ ara wọn yìí, kò ṣòro láti rò pé ẹni tí owó dé bá lójijì ní ohun tí ó fi pamọ́. Karin Barber ṣe àlàyé rẹ̀ nínú iṣẹ́ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1982: owó epo rọ̀bì ti sọ àwọn kan di olówó láìsí iṣẹ́ tí ojú rí, ìtàn àwọn tí ń jí ọmọ fi ṣe oògùn owó sì gbilẹ̀ nínú eré orí ìtàgé àti lẹ́nu èrò. Àlàyé náà lágbára. Jagunjagun tí ó ń kó ẹrú ní ọ̀gá tí a mọ̀, ó sì ní ọjà tí ó ń tà sí. Gbọ́mọgbọ́mọ ti àsìkò owó epo kò ní ojú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní mọ́tò tuntun lè jẹ́ òun.

Láti Dùgbẹ̀, ẹni tí ó bá gba Ring Road àti Challenge kọjá sí ọ̀nà Èkó yóò dé agbègbè Sọ́kà, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Àwọn ilé àpatì kan tí ilé-iṣẹ́ akọ́lé ti lò rí wà nínú igbó níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2014, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń wá ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó sọnù wọ inú igbó náà. Wọ́n bá àwọn ènìyàn tí ebi ti sọ di egungun, tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Wọ́n bá agbárí àti egungun òkú, wọ́n bá òkìtì aṣọ àti bàtà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́pàá dé.

Kò yẹ kí a sáré kọjá lórí àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, Okada Air, ni àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ sọ alùpùpù ní ọ̀kadà, àwọn tí ó ń gùn ún sì wà lára àwọn tí ìjọba àti ọlọ́mọ́tò kì í kà sí. Wọn kò ní ìbọn, wọn kò ní aṣọ ìjọba. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ìlú ju ẹnikẹ́ni lọ, pé wọ́n pọ̀, àti pé ọ̀kan kì í sọnù kí ìyókù má béèrè. Ẹgbẹ́ kan ni wọ́n. Bí Mọrèmi, wọ́n wọ ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀rù, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kì í sì í ṣe iwin: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni, ohun tí ènìyàn rọ, tí ènìyàn sì fi àgádágodo tì.

Ó kù díẹ̀ kí oṣù kan pé lẹ́yìn èyí ni wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní ilé ìwé Chibok, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Igbe, ọ̀rọ̀ Sọ́kà sì rọlẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdáhùn pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí iṣẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, wọ́n sì gba àwọn ọdẹ sínú rẹ̀. Èrò Fágúnwà di òfin ìjọba. Nígbà tí wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹ̀mùrè-Èkìtì ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, Àmọ̀tẹ́kùn, ọdẹ, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà jọ wọ igbó. Àwọn ọmọ náà padà sílé ní ọjọ́ kẹrin oṣù Èrèlé. Àwọn tí ó jí wọn kò béèrè ẹ̀jẹ̀ tàbí orí, owó ìtúsílẹ̀ ni wọ́n béèrè, bí oníṣòwò tí ó ń ná ọjà.

Ṣùgbọ́n ìwà tí Ìbàdàn hù lẹ́yìn Sọ́kà fi hàn pé iwin ni ìlú mú lọ sílé, kì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọ̀rọ̀ gba ìgboro kan pé àwọn ajínigbé ń díbọ́n bí wèrè. Ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú mìíràn, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí gbógun ti ẹni tí ó wọ àkísà, ẹni tí ó ń sùn sábẹ́ afárá, ẹni tí ó ru àpò tí kò lè ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n lu àwọn kan, wọ́n sì pa nínú wọn. Ní Ifẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni ó san án, ọmọ tirẹ̀ ni ó sì fi san án. Àwọn tí ó san ti Ìbàdàn ní 2014 kò bá odò kankan dá májẹ̀mú. Ẹnìkan bi wọ́n ní ìbéèrè ní ìgboro, wọn kò sì ní ọpọlọ tí wọn yóò fi dáhùn.