Wáyà Pẹlẹbẹ: Ìtàn Ohun Tó So Pánẹ́ẹ̀lì Kéékèèké Pọ̀

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ rí. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan kò lè dá ṣe gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. A gbọ́dọ̀ so ọ̀kan mọ́ èkejì. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn wáyà pẹlẹbẹ tó ń so wọ́n, kí n sì fi hàn pé òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀rọ di ohun tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe.

Kí wáyà yìí tó dé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ àyè rẹ̀. Bí wáyà bá jẹ́ ogójì, ìgbà ọgọ́rin ni wọn yóò jó o, nítorí pé orí méjì ni wáyà kọ̀ọ̀kan ní. Bí méjì bá ṣèèṣì gba àyè ara wọn, iṣẹ́ bàjẹ́. Lọ́dún 1956, ilé-iṣẹ́ Cicoil ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, to wáyà púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì da rọ́bà bò wọ́n, ó wá pẹlẹbẹ bí ọ̀já. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ẹnu tó ní eyín wẹ́wẹ́ fún irú wáyà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ ẹnu náà mọ́ ọn, eyín yóò gún rọ́bà, yóò sì kan gbogbo wáyà inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìlo lẹ́ẹ̀dì.

Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Fún ọdún púpọ̀, wáyà pẹlẹbẹ olójú ogójì ló ń so háàdì dísìkì mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ńlá. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò wa fi ọ̀kan hàn mí. Ó ní, "Wo etí rẹ̀ tó pupa yìí. Ibẹ̀ ni wáyà kìn-ín-ní wà. Má yí i sódì o!" Nígbà tí ìsọfúnni bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jù nínú rẹ̀, wáyà kan ń dí ìkejì lọ́wọ́. Wọ́n wá sọ wáyà ogójì di ọgọ́rin. Ogójì tí wọ́n fi kún un kò gbé ìsọfúnni kankan. Wọ́n kàn dúró láàárín àwọn yòókù bí ẹni tó ń làjà.

Lọ́dún 2011, Microsoft gbé .NET Gadgeteer jáde. Pánẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni: ọ̀kan fún kámẹ́rà, ọ̀kan fún bọ́tìnnì, ọ̀kan fún iná. Wáyà pẹlẹbẹ olójú mẹ́wàá ló ń so wọ́n mọ́ pánẹ́ẹ̀lì àgbà. Lẹ́tà wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí lẹ́tà bá ti bára mu ni a ó ti so wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ ẹ̀kọ́.

Ìdí tí ìtàn yìí fi kàn mí ni pé ojú pátákó ìkọ̀wé ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń kọ́ nípa ẹ̀rọ. A mọ àwòrán rẹ̀ yà, a kò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní irin gbígbóná lè jó wa. Ṣùgbọ́n wáyà pẹlẹbẹ kò nílò irin gbígbóná, etí pupa rẹ̀ sì ń tọ́ni sọ́nà. Kọ̀ǹpútà tó ti kú kún ilẹ̀ wa, wáyà yìí sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Mo rọ ìjọba àti àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n kó wọn wá fún wa, kí a tú wọn, kí a sì tún wọn so.