Nígbà Tí Ìjọba Gbẹ́sẹ̀ Lé Dúkìá Lákànmi

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, ìgbìmọ̀ ìwádìí kan tí Adájọ́ Ṣómólú jẹ́ alága fún ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn pàṣẹ pé E. O. Lákànmi àti Kíkẹ́lọmọ Ọlá kò gbọdọ̀ ta dúkìá wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ṣe ohunkóhun láìgba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà ológun. Àṣẹ náà kò mọ síbẹ̀. Àwọn ayálégbé inú ilé wọn kò gbọdọ̀ san owó ilé fún onílé mọ́; ilé ìṣúra ìjọba ni kí wọ́n máa gbé e lọ.

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ọjọ́ ayé mi láàárín ìwé ìdájọ́ ni. Kò sí ẹjọ́ tí mo kà tó eléyìí, ibi owó ilé yẹn sì ni ojú mi máa ń dúró sí. Ẹ wo ayálégbé tí kò bá wọn dé ìdí òṣèlú rí. Oṣù parí, ó ká owó sápò, ó forí lé ọ́fíìsì ìjọba, ó gba rìsíìtì. Onílé wà nínú pálọ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń kọjá. Kò tíì sí kóòtù kankan tó pe onílé yẹn lólè.

Ohun tó fà á yé gbogbo wa. Ìjà òṣèlú ní Ìwọ̀-Oòrùn, pàápàá wàhálà "wẹ́tìẹ̀", ti sun ilé àti ènìyàn níná ní ilẹ̀ Yorùbá kí ṣọ́jà tó gbàjọba ní oṣù Kìíní 1966. Ará ìlú fẹ́ kí àwọn tó kówó jẹ pọ̀ ọ́ padà, ohun tó tọ́ ni wọ́n fẹ́. Olè ò ní alágbàwí lọ́dọ̀ tèmi náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni mo ń bá wí.

Lákànmi gba kóòtù lọ. Rótìmí Williams, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Timi the Law, ló gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwádìí dúkìá òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin tí ìpínlẹ̀ ṣe ní 1967 kò sì lè ta kò ó. Ẹjọ́ náà já kulẹ̀ ní kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀, wọ́n sì gbé e dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Kí ó tó délẹ̀, ìjọba ológun ti yí òfin padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1968 wọ́n gbé Dìkíríì Nọ́ńbà 45 jáde: gbogbo àṣẹ ìgbẹ́sẹ̀lé tí wọ́n ti pa kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí òfin, gbogbo ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ lórí rẹ̀ kí ó kú síbẹ̀. Wọ́n to orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sí ẹ̀yìn dìkíríì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń bá ọ ṣẹjọ́ ló jókòó kọ òfin tuntun, ó sì kọ orúkọ rẹ sínú rẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1970 ni Adájọ́ Àgbà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dájọ́. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù Kìíní ọdún yẹn. Ìjọba ológun wà ní góńgó agbára rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn adájọ́ wọ̀nyí sọ pé Dìkíríì 45 kì í ṣe òfin rárá, ìdájọ́ ni, iṣẹ́ kóòtù sì ni ìdájọ́ í ṣe. Wọ́n ní àwọn mínísítà tó kù ló fa agbára lé ológun lọ́wọ́ ní 1966 láti fi tún ìlú ṣe, kì í ṣe pé wọ́n wó ìjọba lulẹ̀, nítorí náà òfin orílẹ̀-èdè ṣì de àwọn náà. Mo ń kan sáárá sí ìgboyà yẹn títí di òní.

Ọjọ́ 15 péré ni ìdájọ́ náà lò. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, Dìkíríì Nọ́ńbà 28 jáde. Ó ní ìfipá-gbàjọba gidi ló ṣẹlẹ̀ ní 1966, ó ní kóòtù kankan kò lágbára láti yẹ dìkíríì wò, ìdájọ́ tó bá sì ti fagi lé dìkíríì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Torí dúkìá àwọn ènìyàn díẹ̀, gbogbo ọmọ Nàìjíríà pàdánù ẹnu-ọ̀nà kóòtù. Òun ni iye owó tí ìlú san, kò sì sí nínú ìwé ìṣirò ìjọba kankan. Irú ìgbẹ́sẹ̀lé yìí kò dópin síbẹ̀. Nígbà tí olórí ìjọba ológun, Muritala Muhammed, gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá àwọn gómìnà tẹ́lẹ̀ ní 1976, mẹ́wàá nínú 12 ni wọ́n dá lẹ́bi. Mọ́bọ́lájí Johnson ti Èkó àti Olúwọlé Rótìmí ti Ìwọ̀-Oòrùn nìkan ló yege. Ní 1984, Dìkíríì Nọ́ńbà 3 gbé ẹrù ẹ̀rí lé orí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ọ̀gá ṣọ́jà sì ń ṣe alága lórí ìjókòó ìdájọ́, débi pé ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má yọjú síbẹ̀. Bàbá Adékúnlé Ajáṣin, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, jàre níwájú wọn, wọ́n sì tún tì í mọ́lé.

Lóde òní, ìjọba tún ní òfin tó dá lórí fífọ owó ìwà ọ̀daràn mọ́ láti fi lé irú dúkìá bẹ́ẹ̀; òfin náà kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàárín wa. Ìjọba ológun Abacha ló kọ́kọ́ ṣe é, Dìkíríì Nọ́ńbà 3 ti 1995. Lẹ́yìn náà ni FATF, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti fífọ owó, kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé dúdú ní 2001, wọ́n tún òfin ṣe ní 2003 àti 2004, wọ́n yọ wá ní 2006. Òfin 2011 dé, ti 2022 dé. Wọ́n tún fi wá sábẹ́ ìṣọ́ ní 2023, a jáde ní 2025.

Mi ò ní sọ pé òfin wọ̀nyí kò wúlò. Owó tí Abacha kó pamọ́, kóòtù ní Washington dájọ́ lórí rẹ̀ ní 2014 pé kí wọ́n gbà á, ní 2020 mílíọ̀nù 311 dọ́là sì padà wálé, apá kan rẹ̀ fún títì Èkó sí Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíọ̀nù 43 dọ́là ó lé tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, bá nínú ilé kan ní Ìkòyí ní 2017: wọ́n kéde, kò sẹ́ni tó wá sí kóòtù láti sọ pé òun ló ni ín, kóòtù gbé e fún ìjọba. Adájọ́ ló dájọ́ lórí méjèèjì.

Òfin tí wọ́n lò fún ti Ìkòyí, ti 2006, gba ìjọba láàyè láti gba dúkìá láìjẹ́ pé wọ́n ti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n á tẹ ìkéde sínú ìwé ìròyìn, wọ́n á fún ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ ní ọjọ́ 14, tàbí iye ọjọ́ mìíràn tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́, láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Ìyá kan wá sí ọ́fíìsì wa nígbà kan. Ó ra pulọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ìjọba ń gba dúkìá rẹ̀ lábẹ́ òfin yìí, rìsíìtì ẹbí onílẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkéde ti jáde, ọjọ́ ti kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí àwa akọ̀wé lọ́yà nìkan máa ń yẹ̀ wò. Ìyá yìí kò ra ìwé ìròyìn rí láyé rẹ̀. Rédíò ló máa ń gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ni yóò ná ìjọba bí wọ́n bá ka ìkéde náà lórí rédíò ní èdè àdúgbò tí dúkìá wà, tí wọ́n sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé náà gan-an? Adájọ́ lè pa á láṣẹ lónìí, láìdúró de òfin tuntun.