Oògùn beta-lactam nínú ìtọ́jú ẹran

Pẹnisílínì, tí Alexander Fleming ṣàwárí ní 1928, ni àgbà àwọn oògùn beta-lactam. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù tó ń so ògiri bakitéríà pọ̀. Ògiri náà á di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, omi á ya wọlé, bakitéríà á sì bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì màlúù kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni oògùn yìí ṣe ń wo ọmú wíwú láìsábà pa màlúù lára. Ibẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ pin sí: Mycoplasma tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù kò ní ògiri rárá. Ẹni tó bá ní kí a fi kún ìwọ̀n oògùn ń ṣe lásán ni, torí kò sí ohun tí oògùn máa bà jẹ́. Ti ehoro tún yàtọ̀ (ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí): bó bá gbé e mì, oògùn náà lè pa bakitéríà rere inú ìfun rẹ̀, kí ehoro sì kú.