Ta Ló Ni Atẹ́gùn? Ìtàn Ilé Tútù, Láti Agbo Ilé Dé Okokomaiko

Ẹ̀yin tí gósílóò há mọ́ ojú ọ̀nà Badagry, ẹ̀yin tí ẹ fi páwà bánkì gbé fóònù yín ró kí ẹ lè gbọ́ wa, ẹ káàbọ̀.

Ìtàn ilé la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ilé olówó Lẹ́kí o. Ààyè kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Okokomaiko, kò tó ìlàjì pulọ́ọ̀tì. Bàbá mi fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́fà síbẹ̀, kó fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU. Bíríkìlà wá, ó fi igi ya ilé náà sórí iyanrìn, láti fẹ́ǹsì dé fẹ́ǹsì. Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó ní, "Atẹ́gùn mi ńkọ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó di òru, tí iná lọ, tí mo wọ yàrá wọn tí mo rí i pé fèrèsé kan ṣoṣo yẹn ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ooru, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo tẹ̀ lé dé ibi tí mo ti rí ìtàn yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé. Bí ẹ bá ti rí agbo ilé àtijọ́ rí, ẹ ó ti rí i pé àwọn yàrá rẹ̀ yí àgbàlá ká ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá, òrùlé sì gùn wá síta kí oòrùn má bàa kan ògiri. Ògiri amọ̀ náà nípọn, ooru ọ̀sán kì í tètè là á já. Ibi tí ìyẹn tún dùn sí ni pé bí ọmọ ilé bá gbé ìyàwó, wọ́n á fi yàrá kún yàrá. Nítorí náà, kíkọ́ ilé há àárín ilé kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ gbogbo ilé ló ni àgbàlá. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni òjò ń rọ̀ sí tí wọ́n fi ìkòkò gbè é.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Àgùdà dé, àwọn èèyàn wa tó padà láti Brazil àti Cuba ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Pópó Àgùdà ní Èkó, pẹ̀lú fèrèsé gíga onígi. Pásẹ́èjì kan la àárín ilé kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ṣé kò dàbí ibi tí ẹ mọ̀? Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti fesi-mí-a-fesi-yú wa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé atẹ́gùn máa ń wọ pásẹ́èjì yẹn níwájú, á sì jáde lẹ́yìn. Nígbà tí a bá kọ́lé kan fẹ́ǹsì, a ti di ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Ó di ààrò.

Àwọn òyìnbó tó wá yàwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew, mọ̀ pé ooru ni ọ̀tá. Wọ́n fi ògiri onílẹ̀kẹ̀ ihò bo ojú ilé kí atẹ́gùn lè wọlé kí oòrùn má wọlé, wọ́n sì kọ ìwé lé irú ilé bẹ́ẹ̀ lórí ní 1956. Ẹni tó wú mi lórí jù ni Demas Nwoko. Ó po amọ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó fi mọ búlọ́ọ̀kù tó pè ní Latcrete. Ó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn. Nínú ilé tirẹ̀ ní Idumuje-Ugboko, ó dá àgbàlá padà sáàárín ilé. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion ní Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe gbàgbé gbogbo èyí? Sìmẹ́ńtì wà lára ohun tó fà á. Owó epo ti dé, gbogbo ayé fẹ́ kọ́lé. Ní 1975, ìjọba bèèrè fún nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, èbúté Èkó kò sì lè já ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tò sórí òkun, wọ́n ń dúró, sìmẹ́ńtì ń bàjẹ́ nínú wọn. Láti ìgbà náà, búlọ́ọ̀kù di ọlá, amọ̀ di ìṣẹ́. Wọ́n kọ́ Festac fún àjọ̀dún 1977. Jákàńdè kọ́ ẹ̀sítéètì sí Ìba láàárín 1979 sí 1983. LASU dé sí Ọ̀jọ́ ní 1983. Èrò ya wá, ilẹ̀ Àwórì tó jẹ́ oko di ilé, ilé sì ń wá ẹ̀yìn ilé mìíràn láti wọ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí owó iná Band A kúrò ní ₦68 tó di ₦225 fún kílówáàtì wákàtí kan, ẹ̀rọ tó bá fa kílówáàtì kan fún wákàtí mẹ́jọ ń jẹ ₦1,800 ní òru kan. Fáànù tó ń fa wáàtì 75 ń jẹ ₦135 nígbà náà. Bẹ́ẹ̀, fáànù kò lè tu yàrá tí ògiri rẹ̀ ti yan láti àárọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún bàbá mi pé ká má tíì sọ̀rọ̀ sólà. Ìrísí ilé ló ṣáájú. Bí ilé bá gbóná, sólà olówó gọbọi la ó máa fi lé ooru tí àwa fúnra wa kọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé jókòó. A dín yàrá mẹ́fà kù sí márùn-ún. Ààyè yàrá kẹfà la fi ṣe àgbàlá tóóró tó wà níwájú fèrèsé Màmá àgbà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé ní ìhà méjì. Ojú ilé tó gùn kọ sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ má bàa lù ú. Àjà ga, òrùlé yọ síta, páànù rẹ̀ funfun, omi òjò ń ṣàn sínú táǹkì. A kò fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wa lẹ́bàá ọ̀sà yìí, omi gbọ́dọ̀ ráyè wọlẹ̀.

Bàbá mi wo àwòrán náà títí. Wọ́n ní, "Ta ni yóò san owó yàrá kẹfà fún mi lọ́dọọdún?" Ìbéèrè gidi ni o, mi ò sì lè fi ìtàn Àgùdà dá wọn lóhùn. Mo kàn ní, "Ẹ lọ sùn sí yàrá Màmá lálẹ́ òní, Bàbá, kí ẹ ti fèrèsé."

Wọ́n lọ. Nígbà tó máa fi di aago méjì òru, wọ́n ti gbé ẹní jáde sí ìta.

Wọ́n ti gbà sí yàrá márùn-ún báyìí. Lórí àjà gíga, a ṣì ń jà á, nítorí ipele búlọ́ọ̀kù tó lé, owó ni. Àmọ́ bíríkìlà ti wá tún ilà rẹ̀ yà lórí iyanrìn. Ó fi àyè sílẹ̀ fún aládùúgbò wa lẹ́yìn pẹ̀lú, torí òun náà ní fèrèsé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló di fèrèsé yín, àbí fèrèsé ta ni ilé yín dí? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó gbọ́ ọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.