Àgbádárìgì: Àlọ Nìkan Kọ́

Bí ẹ bá dúró ní First Gate ní Festac, tí ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, títì tó wà níwájú yín yẹn ló máa gbé yín dé Àgbádárìgì. Trade Fair, Ìyànà Ìbà, Okokomaiko, Àgbárá, ó tán. Èmi tí mo dàgbà sí àdúgbò yìí, igbe "Badagry! Badagry!" tí àwọn kọ̀ndọ́ ń ké ni mo mọ̀, àfi ìgbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá dáwó jọ lọ́jọ́ Sátidé kan, tí a háyà bọ́ọ̀sì, tí a sì wá amọ̀nà kan tó mú wa káàkiri ìlú náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ó mú wa dé Vlekete, ọjà tí wọ́n ti ń ta èèyàn. Ó mú wa dé ilé àwọn Mobee, a rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. A wo àwọn yàrá tóóró nínú agboolé Seriki Abass. Lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gberefu, a rin iyanrìn kọjá kànga tí wọ́n ní omi rẹ̀ máa ń mú ẹrú gbàgbé ilé, a sì dé etí òkun. "Ibi àlọ-ì-bọ̀ rèé," ló wí. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Àwọn kan tiẹ̀ ń nu ojú.

Èmi náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó bọ̀?

Wọ́n bọ̀ o. Lẹ́yìn tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ka òwò ẹrú léèwọ̀ ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń lé ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ní 1839, àwọn kan tí wọ́n ti rí jájẹ níbẹ̀ wọkọ̀, ó di ilé. Àgbádárìgì ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà wọ Abẹ́òkúta. Àwọn la wá ń pè ní Sàró. Kí ló dé tí kì í ṣe Èkó? Èkó ìgbà náà, òwò ẹrú ló ń jẹ, wọ́n sì ti ja àwọn kan tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé lólè. Ẹ má sì rò pé ọwọ́ Àgbádárìgì mọ́. Wọ́n ṣì ń ta èèyàn níbẹ̀ náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni ẹlòmíì ń gbà lọ tí ẹlòmíì ń gbà bọ̀.

Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n mú un l'Óṣogùn ní 1821. Èkó ni wọ́n ti gbé e wọ ọkọ̀ ẹrú ní 1822, kí ọkọ̀ ogun tó gbà á sílẹ̀. Ní January 1845, Àgbádárìgì ló gbà bọ̀. Ó ti di àlùfáà, ìwé tó fi ṣàkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ti jáde ní London ní 1843. Ṣódẹkẹ́ tí wọ́n fojú sí l'Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ọ̀nà ò sì dára, ló bá lo nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ l'Àgbádárìgì. Ní August 1846, l'Abẹ́òkúta, òun àti Afala ìyá rẹ̀ fojú kanra. Ọdún 25!

Ọdún 1845 tó dé yẹn náà ni wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn CMS, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni amọ̀nà wa fún un. Àwa tí à ń bá àmì ohùn wọ̀yá ìjà ní gbogbo sẹ̀mẹ́sítà, àbí kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ ká ti pẹ́ jù?

Kì í ṣe gbogbo àbọ̀ ló dùn ṣá. Seriki Abass fúnra rẹ̀, ọmọ Joga-Orílẹ̀, ẹrú ni wọ́n mú un ṣe láti kékeré. Ó dé Brazil, ó padà wálé, ó sì di olówò ẹrú. Níwájú sàréè rẹ̀, n ò mọ ojú tí mo lè fi wò ó.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa padà dé Festac, ilẹ̀ ti ṣú. Àjọ̀dún àṣà adúláwọ̀ tó wáyé láti January 15 sí February 12, 1977 ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí, káwọn àlejò lè ríbi sùn. Gilberto Gil, olórin ọmọ Bàhíà, wà lára àwọn tó wá. Ohun tó rí níhìn-ín ló bí àwo Refavela tó ṣe lọ́dún náà. Ọmọ àwọn tó gba etí òkun lọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibi tí wọ́n sì sùn sí, títì Àgbádárìgì gan-an ni. Àjọ̀dún parí, wọ́n fi ìbò pín ilé fún aráàlú, àwa la kù níbẹ̀: 4th Avenue, 21 Road, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n sọ ọ̀kan ní Afala.