Asẹ́ Epo Kékeré Tó Pa Ẹ̀rọ Ńlá ní Niamey

Katako ni orúkọ ọ̀kan lára àwọn ọjà ńlá tó wà ní Niamey. Lédè Haúsá, pákó ni ìtumọ̀ katako. Ẹni tó bá ń wá pákó, irin àlòkù tàbí irinṣẹ́, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yà sí. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ lè sọ ẹ̀rọ olówó gọbọi di irin àlòkù.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ níbí, ló fi mí mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ ìgégi ló fi ń gé ẹ̀ka dóńgóyárò tó bá ti tẹ̀ sórí ilé onílé kí ìjì òjò tó dé. Lọ́dún kan, ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bó bá fà á, ó ń jí. Bó bá gbé e kalẹ̀, ó ń dún jẹ́jẹ́. Àmọ́ kó kàn ki ẹnu rẹ̀ bọ igi báyìí, á kú. Ẹ̀gbọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n yí kabúrétọ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n sì ń fipá lò ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, písítínì gan mọ́nú. Ìgbà tí a fa asẹ́ epo jáde nínú táǹkì, ó dúdú bí èédú. Owó asẹ́ náà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀rọ tó pa sì ni ẹnu mẹ́fà ń jẹ nínú rẹ̀.

Kí la wá ń fi nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe nínú táǹkì? Ìtàn ẹ̀rọ náà ló dáhùn. Ní 1926, Andreas Stihl ṣe ẹ̀rọ ìgégi tó ń lo iná mànàmáná ní Jámánì. Ní 1927, Emil Lerp gbé èyí tó ń lo bẹntiróò lọ dán wò lórí òkè Dolmar. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń gbé e. Kabúrétọ̀ wọn ní ohun kan tó ń léfòó lórí epo, nítorí náà bí o bá dojú ẹ̀rọ délẹ̀, epo á ṣìnà, ẹ̀rọ á kú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni kabúrétọ̀ aláwọ fẹ́lẹ́ gbilẹ̀, tí èèyàn fi lè gé igi lóòró, ní ìbú, tàbí lókè orí.

Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá dojú dé, epo inú táǹkì náà á ṣí nípò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so asẹ́ mọ́ ẹnu rọ́bà tó rọ̀, kó lè máa já bọ́ síbi tí epo bá wà. Iṣẹ́ méjì ni asẹ́ yìí ń ṣe: ó ń sẹ́ epo, ó sì ń fi ìwúwo rẹ̀ wá epo kiri. Èyí tó bá fúyẹ́ jù lè gbé ẹnu sókè, kó máa fa afẹ́fẹ́.

Àwọn tó ṣe é rò pé epo tó mọ́ ni yóò máa wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà tí epo gbà dé Niamey yàtọ̀. Títí di 2011, Niger kò ní ilé ìfọpo kankan. Òkèèrè ni gbogbo epo rẹ̀ ti ń wá, fàyàwọ́ láti Nàìjíríà sì wà lára rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Benin ń pè ní kpayo. Lóṣù kọkànlá 2011 ni wọ́n ṣí SORAZ nítòsí Zinder, tí ọ̀pá ń gbé epo rọ̀bì wá fún un láti Agadem. Síbẹ̀, Zinder sí Niamey tó nǹkan bí 900 kìlómítà, epo inú ìgò kò sì tán lẹ́bàá títì. Láti kẹ́ẹ̀gì sí kẹ́ẹ̀gì, láti kẹ́ẹ̀gì sí ìgò, ibi tí wọ́n bá ti dà á ni iyanrìn, omi àti ìdọ̀tí irin tó dógùn-ún ti ń bá a wọlé. Ọyẹ́ á tún fi eruku tirẹ̀ kún un.

Ọ́ìlì tó ń mú písítínì yọ̀, inú bẹntiróò yìí kan náà la ń pò ó mọ́. Bí asẹ́ bá dí, tí epo kò tó, ọ́ìlì náà kò tó nìyẹn. Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra asẹ́, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá rọ́bà mu pinpin, kó wúwo tó, kó sì lè gba ẹnu táǹkì kọjá. Ẹ má rò pé èyí tó kúnná jù ló dára jù, torí ó lè fi epo du ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n fi òwú tẹ̀ pọ̀ ṣe ń mú ìdọ̀tí dáadáa, àmọ́ fífọ̀ kì í dá a padà bọ̀ sípò. Pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni ní kí a máa pààrọ̀ asẹ́ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n iyanrìn Niamey kì í dúró de ọdún. Ẹ nu ẹnu táǹkì kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má fi epo sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí ẹ kò ní lò fún oṣù mélòó kan, torí ó máa ń dì bí oje igi.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Nínú ìtàn epo wa, ọ̀pá àti ilé ìfọpo là ń kà. Kò sẹ́ni tó ń ka ìgò ẹ̀bá títì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àdánù ti ń bá mẹ̀kúnnù. Ẹ̀gbọ́n yáwó ra ẹ̀rọ mìíràn. Ní báyìí, wọ́n ń fi aṣọ mímọ́ sẹ́ epo lẹ́nu àrọ kó tó wọ táǹkì, asẹ́ tuntun méjì sì máa ń wà nínú àpò wọn.