Ìfẹ́ Lọ́kọláya nínú Eré Aláwàdà orí Amóhùnmáwòrán: Àyẹ̀wò Ìtàn Rẹ̀ láti Ìlọrin

1. Ìfáárà

Èrò kan ti pẹ́ nílẹ̀ pé ẹ̀rín nìkan ni eré aláwàdà wà fún, àti pé ẹni tí ó bá ń wá òótọ́ nípa ìfẹ́ láàrin tọkọtaya kò lè rí i níbẹ̀. Ìdí méjì ni àwọn tí ó ní èrò yìí máa ń tọ́ka sí. Èkíní ni pé aṣọ, ìrìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu aláwàdà a máa kọjá ààlà. Èkejì ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí á gbọ́ kí ọkọ sọ fún aya rẹ̀ nínú irú eré bẹ́ẹ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé èrò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ilé Yorùbá, owó oúnjẹ, àwo ọbẹ̀, orúkọ ọmọ àti ìjà tí a parí kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìfẹ́ fi ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni eré aláwàdà sì dúró sí. Ṣùgbọ́n ìtàn bí ó ṣe dé ibẹ̀ yóò tún fi hàn pé ojú ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà fi ń wo ìfẹ́ náà.

2. Àwàdà ṣáájú Amóhùnmáwòrán

Kì í ṣe amóhùnmáwòrán ni ó kọ́ Yorùbá ní àwàdà. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, eré eégún ni wọ́n fi dá a lára yá. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbé jáde fún un ni ère òyìnbó tín-ín-rín tí òtútù ń pa, tí ń fín áṣáà, tí ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn alárìnjó ti mọ bí a ti í wo ènìyàn fínnífínní kí á tó ṣín in jẹ. Ní Ìlọrin, dadakúàdà tí àwọn bí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kò ṣàì fi òwe àti ẹ̀fẹ̀ tọ́ka sí ìwà ọmọ aráyé. Ohun tí eré orí ìtàgé fi kún èyí ni inú ilé: ọkọ, aya, orogún àti àlejò tí ó dé lásìkò oúnjẹ.

3. Agbo Òṣèré gẹ́gẹ́ bí Agboolé

Ní ọdún 1945 ni Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin ṣòro láti rí, nítorí pé lójú àwọn òbí, ọmọbìnrin tí ó bá ń bá òṣèré kiri ti bàjẹ́. Ọ̀nà tí Ògúndé gbà yanjú rẹ̀ ni pé ó fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣe aya, àwọn ọ̀gá òṣèré mìíràn sì tọ ipa rẹ̀. Báyìí ni agbo òṣèré di agboolé.

Ohun méjì ni èyí bí. Lọ́nà kìíní, tọkọtaya tí ń bá ara wọn jà lórí ìtàgé lè jẹ́ tọkọtaya tòótọ́, tí wọ́n ti ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ nílé. Lọ́nà kejì, nítorí pé ọ̀gá a máa sọ ìtàn eré fún ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù yóò sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, èdè ilé ni ó ń jáde, kì í ṣe èdè ìwé. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni ó ní eré Yorùbá lọ́wọ́ láti fún un.

4. Orúkọ, Owó àti Ẹjọ́

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (1936–2018) ni gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Àsọdùn ni ìmúra rẹ̀ lóòótọ́: agogo ara ògiri ni ó ń so mọ́ ọwọ́, awò ojú ńlá rẹ̀ kò sì ní gíláàsì. Ṣùgbọ́n kí á wo orúkọ náà. Orúkọ ilé ni. Aya Yorùbá kì í pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ àbísọ gan-an. Orúkọ ọmọ ni ó fi ń pè é, ọkọ náà sì ń pe aya ní Ìyá Lágbájá. Nínú ìpè yìí ni ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́ tí a kò fi ẹnu sọ fara pamọ́ sí. Ahun tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára obìnrin ni Bàbá Sàlá. Ó fẹ́ kí wọ́n fẹ́ òun, ṣùgbọ́n kò fẹ́ náwó. Òǹwòran rẹ́rìn-ín nítorí pé ó mọ̀ pé ìfẹ́ tí kò lè sanwó ọbẹ̀ kò tíì jẹ́ ìfẹ́.

Nínú Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Ẹjọ́ ìdílé ni wọ́n ń gbé síwájú àwọn àgbà, tí olúkúlùkù ń rojọ́ tirẹ̀. Níbẹ̀, aya náà láǹfààní láti sọ tẹnu rẹ̀.

5. Bí Ó Ṣe Wọ Ìlọrin

Abẹ́ ìjọba Ẹkùn Àríwá ni Ìlọrin wà títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967. Kàdúná ni amóhùnmáwòrán ẹkùn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, ṣùgbọ́n èdè tí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin fi ń bá aya wọn jà, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń fi í ṣe eré. Òfin tí ó dá NTA sílẹ̀ ní ọdún 1977 ni ó kó gbogbo ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sábẹ́ àṣẹ kan, tí eré fi lè ti ìlú kan dé òmíràn. Adébáyọ̀ Sàlámì, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ìlọrin, gba ipò aṣíwájú ẹgbẹ́ lẹ́yìn ikú Òjó Ládípọ̀ (Bàbá Mẹ́rò) ní ọdún 1978. Ọ̀gá Bello ni orúkọ tí ó fi ṣeré, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí agboolé kankan ní Ìlọrin.

Pàtàkì ohun tí amóhùnmáwòrán ṣe ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni pé ó gbé eré wọlé. Obìnrin ẹlẹ́hàá kò lè lọ sí gbọ̀ngàn lálẹ́ láti wo aláwàdà. Nígbà tí àpótí náà dé yàrá, òun àti orogún rẹ̀ lè jókòó wo orogún mìíràn.

Àwọn eré tí kì í ṣe ti Yorùbá náà dé. The Village Headmaster (1968–1988) fi Amebo hàn, olófòófó tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ gbogbo olófòófó. Nínú The New Masquerade, Zebrudaya àti Ovularia ń jà, wọ́n ń rẹ́. Jegede àti Apena, tọkọtaya tí a fún ní orúkọ Yorùbá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Chika Okpala àti Lizzy Evoeme tí ó ṣe tọkọtaya àkọ́kọ́ kì í ṣe tọkọtaya nílé. Ìwé tí a kọ sílẹ̀ ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe agboolé.

6. Ojú Ta Ni A Fi Wò Ó?

Ibí ni àléébù wà. Nínú agbo òṣèré Yorùbá, ọkọ ni ọ̀gá, ọ̀gá ni ó ni ìtàn, òun náà ni ó ń pín owó. Aya tí ń pariwo lórí ìtàgé ń pariwo dé ibi tí ọkọ rẹ̀ gbà á láyè dé. Òótọ́ ni ohun tí a rí, ṣùgbọ́n òótọ́ láti orí àga ọkọ ni. Ní ọdún 2001, Amaka Igwe, obìnrin, gbé Fuji House of Commotion jáde, nínú èyí tí Chief Fuji (Kunle Bamtefa) ń gbé láàrin ọ̀pọ̀ aya àti ọmọ. Ọkọ náà ń pariwo, ṣùgbọ́n àwọn aya ni ó ń darí ilé. Ìtàn kan náà ni. Ẹni tí ń sọ ọ́ ni ó yí padà.

7. Ìkádìí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ̀rí fi hàn pé eré aláwàdà ni ó kọ́kọ́ gbé ìfẹ́ ojoojúmọ́ sí gbangba láìfi ọ̀rọ̀ àwìn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré ìbẹ̀rẹ̀ ni a kò lè rí mọ́: àwọn kan lọ sórí afẹ́fẹ́ láìgbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gba nǹkan mìíràn lé òmíràn lórí nítorí pé téèpù wọ́n. Ohun tí ó ṣẹ́kù wà nínú orí àwọn tí ó wò ó. Nínú wọn ni àwọn ìyá àgbà Ìlọrin wà, tí wọ́n mọ èyí tí ó jọ ilé wọn àti èyí tí kò jọ ọ́. Bí a bá kọ ìtàn eré yìí láìbi wọ́n léèrè, ojú ọkọ náà ni a ó tún fi kọ ọ́.